Orin Kan, Etí Méjì

Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Island ti Lọndọnu gbé àwo King Sunny Adé jáde, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Juju Music. Lomé ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó darí iṣẹ́ náà.

Ní Nàìjíríà, orin jùjú kan ṣoṣo lè gba ojú kan àwo tán. Island fẹ́ orin kúkúrú tí rédíò òyìnbó lè gbà, wọ́n sì gé e kúrú. Àwọn oníwèé ìròyìn Lọndọnu àti New York yìn ín gidigidi: wọ́n yin gìtá, wọ́n yin ìlù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yé wọn. «Jà Fún Mi» ni orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà. Ijó ni òyìnbó gbọ́; ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé orí ẹni ni akọrin ń bẹ̀ kí ó gbèjà òun.

Ní Ṣábẹ níbí, ohun tí à ń kọ́kọ́ bèèrè nìyí: kí ni gángan ń wí? Ta ni wọ́n ń kì? Bí orin bá dùn tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, àwọn àgbà á ní ariwo lásán ni. (Lójú tèmi, ẹjọ́ yìí le díẹ̀, ẹsẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.)

Synchro System jáde ní 1983. Ní 1984, Stevie Wonder fun hamóníkà nínú Aura. Títà àwo wọ̀nyí kò tó bí Island ṣe fẹ́, wọ́n sì fi Sunny Adé sílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ó ń gbé àwo tuntun jáde lọ, àwọn tó ń náwó fún un lóde ijó kò sì bèèrè ohun tí Lọndọnu wí.