Ẹ Má Tíì Ju Chuck Yín Nù: Bí A Ṣe Ń Rà Á àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí ẹ̀rọ ìlọta kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní Ọjà Kure níbí ní Minna, ohun tí ẹni tó ni ín máa kọ́kọ́ sọ ni pé bẹ́árìn ti kú. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Kò ní pẹ́, tuntun náà á tún kú. Nígbà míì, bẹ́árìn kọ́ ló jẹ̀bi o. Ṣáfùtù tí wọ́n gé ní ṣọ́ọ̀bù ni kò rí sí àárín, torí chuck tó dì í mú lórí ẹ̀rọ lathe kò gbé e sí àárín. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ irin ló máa ń gba ìbínú oníbàárà bẹ́ẹ̀, àwọn náà la torí wọn kọ èyí, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù tó ń kó owó jọ láti ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀.

Chuck ni orí ńlá roboto iwájú lathe tó ń fi eyín di irin mú. Eléyín mẹ́ta là ń sọ níbí. Ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí i, eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ rìn wá sí àárín. Awo irin kan ló ń tì wọ́n nínú, tí wọ́n gé ìlà sí lójú yíká-yíká bíi ti ìkarahun ìgbín. Simon Fairman, ará Connecticut ní Amẹ́ríkà, gba ìwé-ẹ̀tọ́ irú rẹ̀ ní 1840, ọgbọ́n yẹn la ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kò sí pé kò ní yà rárá. Chuck tuntun tó dára, tó fẹ̀ tó 200mm, lè fi irin yà ní 0.05 sí 0.1mm. Nítorí náà, àwọn ojú ṣáfùtù tó gbọ́dọ̀ bára mu, ẹ gé gbogbo wọn tán kí ẹ tó tú u.

Kí ẹ tó gbéra lọ sí Owódé Onírin l'Ékòó, ẹ yẹ imú ẹ̀rọ yín wò, ìyẹn ibi tí chuck ń jókòó sí. Àwọn kan ní ìlà bíi ti bóòtì. Àwọn míì jẹ́ oní-píìnì, tí à ń pè ní D1-4 tàbí D1-6. D1-4 ní píìnì mẹ́ta, D1-6 ní mẹ́fà, èkíní ò lè wọ èkejì. Èyí tó ní ìlà bíi bóòtì, ẹ má fi eré yí i sẹ́yìn, kó má baà tú jáde.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ má wo ọ̀dà tí wọ́n kùn sí i. Orúkọ bíi Pratt Burnerd ti England tàbí Bison ti Poland dùn ún gbọ́, àmọ́ orúkọ kì í di irin mú. Ẹ ka nọ́ńbà. Eyín kọ̀ọ̀kan máa ń ní 1, 2 tàbí 3 lára, àyè tó ń wọ̀ náà ní tirẹ̀. Bí eyín bá jẹ́ ti chuck mìíràn tí wọ́n kàn kó sí i, ó ṣòro kó gbé irin sí àárín. Ẹ bèèrè eyín kejì tí a fi ń di ohun fífẹ̀ mú, torí eyín tó jẹ́ odidi kò ṣeé dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi chuck náà di ọ̀pá irin kan tó tọ́ mú (ẹ mú un láti ilé o), kí ẹ fi ọwọ́ ti orí ọ̀pá náà síwá sẹ́yìn. Tó bá ń mì, ẹnu eyín ti jẹ nìyẹn, ẹ̀yìn nìkan ló fi ń dì í mú. Ẹ gé owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa tàbí kí ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti èyí tó wà nílé, a ò fara mọ́ bí àwọn ọ̀gá kan ṣe máa ń yára sọ pé chuck ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọṣẹ́ ló yọ eyín fọ̀ tí kò dá wọn padà ní ipò. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ìgbín yẹn á fi yọ lójú àyè kìíní, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ ti eyín 1 wọlé, ẹ yí i kó gbé e. Lẹ́yìn náà 2, kó tó kan 3. Bí 2 bá ṣáájú 1, eyín kan á jìnnà sí àárín ju àwọn yòókù lọ, irin á sì máa jó.

Ìdọ̀tí ni ọ̀tá kejì. Lẹ́búlẹ́bú ara dúróòmù bíréèkì ló burú jù. Tó bá pàdé gíríìsì púpọ̀, á di bí ẹ̀kọ tí yanrìn wọ̀, á máa jẹ ìlà náà díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì tó ṣàn, ní ìwọ̀nba, ló yẹ eyín. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, inú ló ń ti ìdọ̀tí lọ. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Lásìkò ọyẹ́, ẹ bò ó kí ẹ tó lọ sílé. Tí ẹ bá sì fẹ́ yọ ọ́, ẹ tẹ́ pákó sábẹ́ rẹ̀ kó má baà já lu ẹ̀rọ, tàbí lu ọwọ́.

Iṣẹ́ kan wà tó ń dójú ti eléyín mẹ́ta: ṣáfùtù tó ti jẹ, tí wẹ́dà ti fi iná kún. Ojú ibẹ̀ kì í ṣe roboto mọ́, gọngọ ni. Bí eyín kan bá gun orí gọngọ yẹn, chuck á gba irọ́ náà gbọ́, á fi í ṣe àárín. Ẹ di ibi tí kò tíì jẹ mú, tàbí kí ẹ lo eléyín mẹ́rin tí eyín kọ̀ọ̀kan ń dá rìn. Ó ń gba àsìkò, òótọ́ ni, àmọ́ bẹ́árìn oníbàárà á pẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà jó irin lórí lathe fúnra rẹ̀: iná lè gba inú bẹ́árìn ẹ̀rọ kọjá kó bà á jẹ́, ẹta iná á tún bọ́ sínú chuck.

Ó ku kọ́kọ́rọ́. Ẹ má fi páìpù gùn ún láti fi fún un le, bẹ́ẹ̀ ni eyín àti awo ṣe ń fọ́. Bí ọwọ́ bá ti kúrò lára rẹ̀, kí òun náà ti kúrò lára chuck. Ìgbà tí iná lọ, tí ẹnì kan gbàgbé láti pa suwíìṣì, tí iná wá dé lójijì, kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú chuck á fò jáde bí òkò. Ẹ kan ìkọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ suwíìṣì. Ọmọṣẹ́ tí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ lórí ìkọ́ yẹn kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ.