Eré Kì í Ṣe Àṣejù fún Ọmọ Ogunléndé

Àwọn kan a máa béèrè pé, ọmọ tí ogun lé kúrò nílé baba rẹ̀, tí kò mọ ibi tí oúnjẹ ọ̀la yóò ti wá, kí ni tirẹ̀ ti bọ́ọ̀lù? A kò ka ìbéèrè náà sí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí ní ọdún 2025 wọ́n tún dín oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún àwọn ogunléndé ní Kakuma, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, kù jọjọ. Síbẹ̀, àwa kò fara mọ́ ọn.

Ní ilẹ̀ àwọn Turkana, níbi tí oòrùn ti ń mú ganrínganrín, ni Kakuma wà. Ọdún 1992 ni wọ́n dá ibùdó náà sílẹ̀, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọdékùnrin tí ogun lé kúrò ní Sudan fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Awer Mabil sí ní 1995. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ wé ni ó fi kọ́ eré, kí òun àti ẹbí rẹ̀ tó kó lọ sí Ọsirélíà ní 2006. Ní 2022, ó wà lára àwọn tí ó gbá pẹnáritì wọlé lọ́jọ́ tí Ọsirélíà borí Pérù, tí ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fi ṣí fún wọn. Láti Kakuma kan náà ni àwọn eléré ìje márùn-ún ti lọ sí Rio ní 2016, nínú ẹgbẹ́ ogunléndé ẹlẹ́ni mẹ́wàá. Rose Lokonyen, ọ̀kan nínú wọn, ni ó gbé àsíá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò di olókìkí kò tó nǹkan. Àwọn yòókù, tí kò níṣẹ́, tí wọn kò sì lè rìn jìnnà láìgba ìyọ̀ǹda, ni ọ̀rọ̀ wa kàn jù. Bí wọ́n bá jókòó láti òwúrọ̀ dalẹ́, ohun tí ojú wọn rí lójú ogun ni yóò máa padà wá sí wọn lọ́kàn. Eré ń fún wọn ní wákàtí kan tí wọ́n fi lè gbàgbé, àti ọ̀rẹ́ tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwọn. (Àwa tí a dàgbà nídìí ayò ọlọ́pọ́n àti eré òṣùpá kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ èyí.)

Ti àwọn ọmọbìnrin ni ó dùn wá jù. Omi ni wọn yóò pọn, igi ni wọn yóò ṣẹ́, àbúrò ni wọn yóò gbé pọ̀n. Nígbà tí iṣẹ́ bá fi máa tán, ilẹ̀ ti ṣú. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1989 kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ ní abala 31, níbi tí ó ti fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ àwọn tí ń fi owó ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ pé, lẹ́yìn oúnjẹ àti oògùn, kí wọ́n ka bọ́ọ̀lù mọ́ ẹrù, kí wọ́n sì bi àwọn alábòójútó ibùdó léèrè wákàtí tí àwọn ọmọbìnrin ní lórí pápá.