Páìpù Dúdú Lára Ọkọ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa: Iṣẹ́ Tí Ó Ń Ṣe àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Láti ìgbà tí a ti gbé ọkọ̀ Hilux ilé-ẹ̀kọ́ wa padà láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ yín ń bi wá ní ìpàdé gbogbogbòò àti lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn: "Kí ni páìpù dúdú tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú yẹn, tí ó ga dé orí òrùlé ọkọ̀? Ṣé èéfín ni ó ń gba ibẹ̀ jáde?" Èéfín kọ́ rárá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gba ibẹ̀ wọlé. Snorkel ni orúkọ rẹ̀. Nítorí pé owó yín ni a fi rà á, ó tọ́ kí a ṣàlàyé ìdí tí a fi rà á, bí a ṣe fi í sí ara ọkọ̀, àti ohun tí kò lè ṣe fún wa láéláé.

Ẹ mọ ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wa dúró sí, ẹ sì mọ ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń wá. Láti ọdún 1921, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èbúté ńlá ní Àpápá, ni iṣẹ́ ti ń fa ènìyàn wá sí agbègbè yìí. Àwọn tí kò rí ilé gbà ní Àpápá tẹ̀dó sí Ajégúnlẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ rere pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi náà gúnlẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga ju omi ọ̀sà lọ púpọ̀. Nígbà tí òkun bá ru, tí ọ̀sà sì kún, gọ́tà kò ní rí ibi tú omi rẹ̀ sí. Bí òjò bá tún rọ̀ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, omi a padà sẹ́yìn, a sì bo títì. Kò sí ẹni tí ó wà ní Èkó ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, tí yóò gbàgbé bí òjò ọjọ́ náà ti rì ilé mọ́lẹ̀, tí ó sì gba ẹ̀mí.

Oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù lọ ní Èkó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àsìkò náà gan-an ni ìdánwò àṣekágbá WAEC máa ń bọ́ sí. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi ra ọkọ̀ náà: kí ó lè máa kó àwọn ọmọ tí omi ká mọ́ ilé ní Ajégúnlẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn ìdánwò ní àárọ̀. A rò pé ọkọ̀ gíga ti tó. Ní oṣù kẹfà àkọ́kọ́, ọkọ̀ náà kú sáàárín omi ní itòsí Boundary, tòun ti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin nínú rẹ̀. Omi náà kò tilẹ̀ dé ojú fèrèsé. Awakọ̀ ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, ẹ́ńjìnnì kígbe bí irin tí a fi òòlù gbá, kò sì mí mọ́. Àwọn ọmọ náà fi ẹsẹ̀ la omi dé ilé-ẹ̀kọ́, ìwé wọn lórí, bàtà wọn lọ́wọ́. Owó tí a fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe kì bá ti ra ìwé fún odindi kíláàsì kan.

Kí ni ó pa á? Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní kedere. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń mí bí ènìyàn ti ń mí. Ọkọ̀ tiwa jẹ́ ẹlẹ́po bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ lítà 2.7. Bí ó bá ń yí ní ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tí ó lè fà sínú ní ìṣẹ́jú kan náà súnmọ́ lítà 2,700. Ihò imú tí ó ń fà á gbà ń bẹ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nínú fẹ́ńdà, ìyẹn irin tí ó bo táyà iwájú. Písítìnì a wá tẹ afẹ́fẹ́ náà mọ́lẹ̀ nínú sílíńdà títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó di ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá. Afẹ́fẹ́ gbà kí a tẹ òun mọ́lẹ̀. Omi kì í gbà. Bí omi tí kò tó ìdajì ife tíì bá wọ inú sílíńdà kan, písítìnì yóò kọlù ú bí ẹni kọlu òkúta, irin tí ó gbé písítìnì náà yóò sì tẹ̀ tàbí kí ó ṣẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn. Omi tí ó wà lójú títì kò ga tó imú ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń sáré la inú rẹ̀ kọjá, ó ń ti omi síwájú, omi náà ru sókè, imú sì fà á mu.

Snorkel kò ṣe ju pé ó gbé imú náà kúrò nísàlẹ̀ lọ sí òkè. Ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ológun ni a ti yá orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n ṣe irú páìpù bẹ́ẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, kí ẹ́ńjìnnì dísù lè máa mí nígbà tí ọkọ̀ bá wà lábẹ́ omi. Àwọn ará Jámánì rí i gbà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1940, wọ́n sì lò ó nínú ogun.

A ní láti jẹ́wọ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi í sí ara ọkọ̀, a kò ṣe é dáadáa. A wá èyí tí owó rẹ̀ kéré. Oníṣẹ́ tí ó bá wa ṣe é lu fẹ́ńdà, ó ki páìpù bọ̀ ọ́, ó fi bóòtù dè é, ó sì gbowó rẹ̀. Ó lẹ́wà lójú. Nígbà tí mẹkáníìkì àgbà kan nínú ìjọ wa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò ó, ẹ̀rín ni ó rín. Páìpù ti òde kò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ ti inú: ihò imú àtijọ́ ṣì là sílẹ̀ nínú fẹ́ńdà, ibẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì ṣì ti ń mí. Ó ní, "Bàbá, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi sí i lára fún yín." Irú snorkel bẹ́ẹ̀ burú ju àìní rárá lọ, nítorí pé ó ń fún awakọ̀ ní ìgboyà tí kò ní ìpìlẹ̀. Ilé orí iyanrìn ni.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àgbà yìí ni a ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí pé púpọ̀ nínú yín náà ní ọkọ̀ irú èyí.

Èkíní, ẹ ra èyí tí a ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an àti ọdún rẹ̀. Èyí tí ó dára máa ń ní ìwé àwòṣe nínú, tí a ó lẹ̀ mọ́ fẹ́ńdà láti fi mọ ojú ibi tí a ó lu. Ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó lu ú lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé irin tí a ti gé kì í padà di odindi. Ihò kékeré ni a kọ́kọ́ ń lu, kí a tó lu ńlá.

Èkejì, bí ẹ bá ti gé irin náà tán, ẹ fi ìwé yanrìn ha etí rẹ̀, kí ẹ kun ún ní ọ̀dà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Àwa tí a ń gbé itòsí òkun mọ̀ pé atẹ́gùn oníyọ̀ kì í fojú fo irin tí ó wà ní ìhòòhò. Láàárín òjò méjì, ìpẹtà a ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ: gbogbo oríkèé gbọ́dọ̀ dí pinpin. Láti orí páìpù títí dé inú ẹ́ńjìnnì, kò gbọ́dọ̀ sí ibòmíràn tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. A fi sílíkọ́ọ̀nù dí ibi tí páìpù ti pàdé ara wọn, a sì fi ìdè irin fún un. Ẹ wo ìdérí àpótí fílítà bóyá rọ́bà etí rẹ̀ ti gbó. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí náà pẹ̀lú. Ihò kan máa ń wà níbẹ̀ tí omi òjò ń gbà kán jáde. Ihò tí omi ń gbà jáde, omi lè gba ibẹ̀ wọlé bí kò bá ní rọ́bà tí ń pa á dé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ de òkè páìpù náà mọ́ òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kí ó má baà máa mì. Orí rẹ̀ dojú kọ iwájú. Àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lára rẹ̀ ni ẹ̀kán òjò ń gbà jáde, ẹ má ṣe dí wọn.

Ẹ̀karùn-ún ni ìdánwò. Ẹ ṣí ọkọ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ níbi ìdúró, kí ẹ sì fi pátákó pẹlẹbẹ tàbí rọ́bà nípọn bo ẹnu snorkel. Bí iṣẹ́ náà bá pé, ẹ́ńjìnnì yóò pòfóló, yóò sì kú ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bí ẹni tí a fún ní imú. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìbìkítà, ó ń mí gba ibòmíràn, ibẹ̀ náà ni omi yóò sì gbà. Tiwa kú ní ìgbà kẹta tí a dán an wò, lẹ́yìn tí a ti wá ibi méjì tí ó ń jò rí. Ẹ má ṣe san owó tán fún oníṣẹ́ kankan kí ọkọ̀ yín tó kú báyìí níwájú yín.

Imú nìkan kọ́ ni ọkọ̀ ní. Gíá àti ẹ̀rọ inú áàsìlì náà ní ihò ìmí kéékèèké. Bí wọ́n bá gbóná tí wọ́n sì bọ́ sínú omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú wọn a sún kì, wọn a sì fa omi wọlé. Nítorí náà, a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ẹnu àwọn ihò yìí náà ga sókè. Wáyà àti àwọn ẹ̀rọ iná kò ní snorkel. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ Toyota ní Australia fi kọ ọ́ pé omi tí Hilux lè là kọjá kò ju mílímítà 700 lọ, èyí tí ó kọjá orúnkún àgbàlagbà díẹ̀. Fífi snorkel sí i kò sọ iye náà di méjì.

Bí a bá wọ omi, gíá kékeré ni kí a lò, kí a rọra rìn bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ rìn, kí a má ṣe dúró, kí a má sì ṣe sáré. Eré sísá a máa ti ìgbì omi wọ inú yàrá àwọn tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n ti fi ọwọ́ gbọ́n omi láti òru mọ́jú. Aládùúgbò wa ni wọ́n. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má ṣe ṣí i lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fà á jáde, kí mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì kí ó sì wo inú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bí tíì onímílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ni í bómi lọ. Ní oṣù kẹfà tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí snorkel ti pé, òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ìdánwò. Awakọ̀ wa kó ọmọ mẹ́rin, ó dé ibi tí omi bo títì, ó dúró, ó wò ó, ó sì yí padà. Ó gba ọ̀nà tí ó jìn. Àwọn ọmọ náà pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó, wọ́n sì kọ ìdánwò wọn. Inú bí wa. A pè é, a sì bi í léèrè pé kí ni a fi owó ẹgbẹ́ ra snorkel fún. Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú, bàbá. Omi yẹn ń ṣàn, n kò sì rí ilẹ̀." Nígbà tí omi gbẹ ní ọjọ́ kejì, a lọ wo ibẹ̀. Àgbàrá ti gbé pátákó kọnkéré orí gọ́tà lọ, ihò tí ó là sílẹ̀ sì tó láti gbé táyà iwájú mì. Àwa ni a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí tọ́. Omi tí ń ṣàn, tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60 péré, lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ, bó ti wù kí imú rẹ̀ ga tó. Snorkel ń dáàbò bo ẹ́ńjìnnì; ojú awakọ̀ ni ó ń dáàbò bo ọmọ. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa fi ṣe òfin méjì: omi tí ń ṣàn, a kò ní wọ̀ ọ́, omi tí a kò mọ ilẹ̀ rẹ̀, a kò ní wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá awakọ̀ wí nítorí pé ó yí padà, ìbáà ṣe ọ̀gá àgbà, ìbáà ṣe àwa tí a ń wọ aṣọ àlùfáà.

Àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí òjò ọdún yìí ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a gbá gọ́tà iwájú ilé wa, kí a má sì ṣe da ìdọ̀tí sí i. Ọkọ̀ kan kò lè kó gbogbo ọmọ Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n gọ́tà tí ó mọ́ yóò jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ibi ìdánwò. Kí Ọlọ́run tí ó mí èémí ìyè sí wa nínú pa àwọn ọmọ wa mọ́ ní àlọ àti ní àbọ̀. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.