Kí àwọ̀ aṣọ ẹbí má baà yí padà nínú fọ́tò

Bí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà n'Ìfisìn-Èkìtì, tí ẹbí ra léèsì aláwọ̀ ewé, tí fọ́tò wá gbé e jáde bíi pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, wọn ò ní gbà á. Owó tí ayàwòrán fi tẹ̀ ẹ́ ti wọgbó nìyẹn. Láyé ìsinsìnyí, oníbàárà á tún yọ fóònù síta, á ní kí wọ́n wo bí aṣọ òun ṣe rí gan-an.

Nǹkan méjì ló yẹ kí ayàwòrán kọ́kọ́ tún ṣe lára kámẹ́rà. Ọ̀kan ni ISO, tí àwọn tó lo fíìmù rí mọ̀ sí ASA. Òun ló ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí. Nínú oòrùn, 100 tàbí 200 ti tó. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣókùnkùn díẹ̀, 800 tàbí 1600 ló dáa, kí ẹni tó ń jó má baà di òjìji. Àmọ́ bó ṣe ń ga sí i ni nǹkan hóró-hóró bí iyanrìn ń yọ lójú fọ́tò. Àìmọye ayàwòrán ló ti gbàgbé 1600 alẹ́ àná síbẹ̀, tó gbé e bọ́ sínú oòrùn ọjọ́ kejì.

Èkejì, tí wọ́n ń kọ WB sí lára kámẹ́rà, ló ń da àwọ̀ rú. Ojú èèyàn mọ funfun lábẹ́ gílóòbù àti lábẹ́ igi. Kámẹ́rà ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fi í sí Auto, ó máa ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n tí aṣọ ẹbí aláwọ̀ kan bá kún ojú fọ́tò, ó lè rò pé ìmọ́lẹ̀ ló ní àwọ̀ yẹn, kó sì máa fà á kúrò. Kánópì búlúù tàbí pupa burú jù, torí ó ń pa ojú àlejò láró.

Bébà funfun ni oògùn rẹ̀. Ayàwòrán á gbé e síbi tí olóde máa jókòó sí, á yà á kó kún ojú kámẹ́rà, á sì lọ sínú àkójọ ètò kámẹ́rà láti fi fọ́tò náà ṣe òṣùwọ̀n funfun. Tó bá ti kúrò lábẹ́ kánópì yẹn, àfi kó tún un ṣe. Ẹni tí oòrùn mú ìdajì ara rẹ̀, tí kánópì mú ìdajì, kò sí òṣùwọ̀n tó máa bá a mu. Kí wọ́n ní kó sún wọlé ni.

Kámẹ́rà tó bá ní RAW tún ń fúnni láyè láti tún àwọ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn òde. Ó máa ń gba àyè púpọ̀ ju JPEG lọ, nítorí náà káàdì kejì gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì.