Ime Udoka: Ẹni tí NBA ò pe orúkọ rẹ̀ ló ń darí wọn báyìí

Lọ́dún 2000, nígbà tí àwọn ikọ̀ NBA ń pe orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ mú, kò sẹ́ni tó pe Ime Udoka. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ìlú Portland l'Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Ó gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n káàkiri àwọn líìgì kéékèèké, ó dé Sípéènì, ó dé Faransé. Ẹ gbọ́ ná: ó ti pé ọmọ ọdún 29 kó tó rí àyè gidi nínú NBA, nílùú rẹ̀ gan-an, ní sáà 2006 sí 2007.

Àwa náà jẹ nínú òógùn rẹ̀. Ní ìdíje àgbáyé ọdún 2006 ní Japan, ó wà nínú D'Tigers tó na Serbia and Montenegro, kí Jámánì tó fi àmì kan ṣoṣo lé wọn sílé, 78 sí 77.

Ibi tó wù mí jù nìyí. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, kò jókòó sílé máa sọ ìtàn àná. Ní 2012, ó di ọ̀kan nínú àwọn igbákejì Gregg Popovich ní San Antonio Spurs. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ 2014. Ó tún ṣe igbákejì ní Philadelphia àti Brooklyn. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀gá kí Boston Celtics tó gbà á ní 2021. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ó gbé wọn dé àṣekágbá, Golden State ló borí wọn.

Ẹ má jẹ́ ká bo èyí mọ́lẹ̀ torí pé tiwa ni: ní September 2022, Boston ní ó rú òfin ẹgbẹ́, wọ́n sì dá a dúró fún odidi sáà kan. Ẹ̀bùn nìkan ò tó, ìwà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

Houston Rockets gbà á ní 2023. Ikọ̀ tó jáwé olúborí ní ẹ̀ẹ̀mejìlélógún péré kó tó dé, ó borí ní ìgbà 41 ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì di ìgbà 52 ní sáà 2024 sí 2025.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ju bọ́ọ̀lù ní Rowe Park ní Yábàá, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Tí òkè òkun ò bá pè yín, ṣé ayé ti parí nìyẹn? Rárá o. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ńkọ́? Réfirí ńkọ́? Ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣì le ló yẹ kẹ́ ẹ ti máa bi kóòṣì yín pé kí ló dé tó fi ṣe báyìí, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí àwọn àjọ eré ìdárayá wa náà máa rán àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lọ sí ẹ̀kọ́ kóòṣì. Ìmọ̀ tó wà lórí àwọn èèyàn yìí pọ̀ ju ká kàn máa fi wọ́n ya fọ́tò lọ.