Massey Ferguson 35: Ẹ ka páìpù nósù kẹ́ ẹ tó ra páàtì

Ẹni tó ń fi katakata Massey Ferguson 35 roko gbowó, tàbí tó ń ta páàtì rẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì inú wọn kì í ṣe oríṣi kan. Lóde, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kan kò lè bá èkejì mu, owó tí wọ́n fi rà á sì gbé nìyẹn.

Coventry, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti gbé e jáde lọ́dún 1956. Ẹ́ńjìnnì Standard oní-sìlíńdà mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí èyí tó ń lo dísù. Agídí rẹ̀ pọ̀ láti ṣíná láàárọ̀ òtútù, àwọn àgbẹ̀ sì ráhùn. Nígbà tí 1959 ń lọ sópin, wọ́n fi Perkins oní-sìlíńdà mẹ́ta rọ́pò rẹ̀.

Dídá wọn mọ̀ kò le. Kí mẹkáníìkì ka páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara pọ́ǹpù lọ sí nósù: mẹ́rin ni ti Standard, mẹ́ta ni ti Perkins. Bó bá jẹ́ pílọ́ọ̀gì ló bá níbẹ̀, kì í ṣe dísù rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọdún tàbí ọ̀dà ṣèdájọ́. Lẹ́yìn ohun tó lé lọ́gọ́ta ọdún, wọ́n lè ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dà tuntun kò sì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ rọ ẹni tó ní Perkins lọ́rùn díẹ̀, torí ìdílé ẹ́ńjìnnì yẹn náà ni wọ́n lò fún MF 135 lọ́dún 1964. Síbẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe. Nọ́ńbà ara bulọ́ọ̀kù àti písítìn àtijọ́ ni kó mú lọ sọ́jà.