Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé

Ìràwọ̀ méjì ló para pọ̀ jẹ́ T Coronae Borealis. Ọ̀kan tóbi, ó pupa. Èkejì kéré, àmọ́ òun ló ń fa gáàsì lára ẹnì kejì rẹ̀. Bí gáàsì náà bá pọ̀ jù, á bú gbàmù. Ó ṣẹlẹ̀ ní 1866, ó tún ṣẹlẹ̀ ní 1946.

Àwọn tó kàn fẹ́ràn ìràwọ̀ wíwò náà ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n so mọ́ awò awọ̀nàjíjìn ń tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ká bí òṣùmàrè. Ìlà pupa ti háídrójìn, ní nànómítà 656, ni wọ́n tẹjú mọ́ jù. Bí ìlà yẹn bá fẹ̀ lójijì, gáàsì ti ń tú jáde nìyẹn, wọ́n á sì ṣírò eré tó ń sá. Fọ́tò lásán ò lè sọ ìyẹn o! Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń tò kí awò ńlá tó kàn wọ́n. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé kì í tò.